Agolo Ẹ̀wà Tútù Márùn-ún Tó O Fi Ránṣẹ́

Wásinmi, lọ́nà Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 1949.

Olúṣẹ̀yẹ, ọmọ mi àtàtà,

Bí ó bá jẹ́ pé orí ìdúró ni lẹ́tà yìí ti bá ọ, wá ibì kan jókòó sí, bí ó bá sì jẹ́ pé oúnjẹ lò ń jẹ lọ́wọ́, jẹ ẹ́ tán kí o tó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ó há ọ lọ́fun. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn ìgboro Èkó, mo kí ọ kú ariwo. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ogun Hítílà dé Wásinmi kò ní jẹ́ kí ibi dé ibi tí o ń sùn. Ọ̀gá yín òyìnbó kò ní jí lọ́jọ́ kan kí ó máa fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín.

Èmi náà wà. Mo ń mí, mo ń rìn, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi lọ́dún tí bàbá rẹ kú ti bí ìbejì, ọ̀kan kú, ọ̀kan wà. Òrùlé ilé ìdáná ń jò lápá ibi tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí, n kò sì tíì pe ẹni tó máa tún un ṣe, nítorí kò sí ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gbé aago tuntun kọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dún dé ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ ọ kò pọ̀ tó tàtijọ́, gbogbo ọmọ ló ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ìwọ náà wà lára wọn, ọdún kejì rè é tí mo ti fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn, mo kàn ní kí n rán ọ létí ni, bóyá ẹ kì í ka ọdún ní Èkó.

Agolo márùn-ún tí o fi ránṣẹ́ dé. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ló gbé páálí náà fún Sàfúrátù ní téṣàn, níbi tó ti ń ta ọsàn fún àwọn èrò ọkọ̀, Sàfúrátù sì rù ú wálé fún mi. O mọ̀ ọ́n, obìnrin ìmàle tí ojúlé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ẹlẹ́nu mímú yẹn. Lẹ́tà tí o fi sínú páálí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. O ní ẹ̀wà tútù ló wà nínú agolo, pé agbára àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, pé kí n máa jẹ ìdajì agolo lóòjọ́, pé òun ni ìwọ àti àwọn akọ̀wé yòókù ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó yín ń jẹ lọ́sàn-án báyìí, pé ó ti mọ́ ọ lára. Mo dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ìwọ náà kò ní wá ẹ̀jẹ̀ lára rẹ tì.

Mo mọ ẹni tó kọ̀wé sí ọ pé mo ṣubú. Wolé-wolé ni, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí abúlé wa ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti yọjú sínú ìkòkò omi wa bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. N kò rán an níṣẹ́. Òòyì ló kọ́ mi lójú ọ̀nà téṣàn, mo sì jókòó sílẹ̀, bí èmi ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn, Sàfúrátù ló ń sọ kiri pé mo ṣubú. Wolé-wolé fa ìpéǹpéjú mi sílẹ̀, ó wò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò tó lára mi, ó bi mí pé kí ni mo ń jẹ. Mo ní iyán, mo ní ẹ̀fọ́, mo ní ẹja. Irọ́ ni mo pa fún un, kí Ọlọ́run dárí jì mí, n ó sọ òótọ́ rẹ̀ fún ọ bí mo bá dé iwájú. Nítorí òótọ́ yẹn ni mo ṣe fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, tí n kò jẹ́ kí ó bá mi kọ ọ́. Kíláàsì ìrìbọmi ni mo ti kọ́ ìwé, wọn kò sì kọ́ wa ní èyí tó gùn tó báyìí, nítorí náà bí ìlà kan bá gun orí èkejì, má bínú.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí agolo kìíní. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, n kò rí ìdérí. Sàfúrátù ní kí n gbé e kaná, pé bó bá gbóná yóò ṣí ara rẹ̀. Mo ní ṣé bọ́m̀bù ló fẹ́ kí n sè ni. Àdá bàbá rẹ ni mo fi ṣí i nígbẹ̀yìn, omi rẹ̀ sì ta sí mi láṣọ. Nígbà tí mo rí ohun tó wà nínú rẹ̀, Olúṣẹ̀yẹ, ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé ẹ̀wà ni n ó rí. Èèpo ẹ̀wà ni mo rí, tútù, aláwọ̀ ewé, tí ọmọ inú rẹ̀ kò tíì tó ojú nǹkan. Mo ní ta ló já ẹ̀wà ní kékeré báyìí, ebi wo ló ń pa wọ́n tí wọn kò lè dúró kí ó gbó. Lóko wa, bí a bá pa ẹ̀wà tán, ewúrẹ́ la máa ń da èèpo rẹ̀ fún, ìwọ náà ti dà á fún wọn rí. Mo wá rántí pé o ní òun lò ń jẹ lọ́sàn-án. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sunkún. Mo ní bí ìyà ṣe ń jẹ ọmọ mi nìyí, ó ń jẹ oúnjẹ ewúrẹ́ ní Èkó, kò sì fẹ́ kí n mọ̀. Kí ó lè dá mi lójú, mo ju ẹyọ kan sí ewúrẹ́ rẹ. Ó jẹ ẹ́, ó sì dúró tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi. Ẹkún mi tún le sí i.

Síbẹ̀, ọmọ ẹni ló fi nǹkan ránṣẹ́ láti òkèèrè, n kò lè dá a jẹ. Mo tò ó sínú àwo, mo gbé e yí gbogbo agbo ilé ká, ojúlé mẹ́tàlá, ìwọ̀n ṣíbí kan fún ojúlé kan, mo ń wí fún wọn pé Olúṣẹ̀yẹ ní kí wọ́n fi tọ́ ẹnu wò. Gbogbo wọn súre fún ọ. Olórí agbo ilé wa, tí kò ní eyín kankan mọ́, ní nǹkan tí òun ti ń wá láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyí, pé ìwọ nìkan ló ronú kan òun nínú gbogbo àwọn tó lọ sí Èkó, ó sì bèèrè èkejì. Sàfúrátù nìkan ni kò jẹ tirẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi sè é, pé òyìnbó kò ṣeé fọkàn tán lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ó fi ewé dì í, ó ní òun ń dúró de wolé-wolé. Nígbà tí mo fi padà délé, omi nìkan ló kù sínú agolo. Mo mu omi náà. Iyọ̀ ni ṣáá.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Ìṣẹ́gun, wolé-wolé dé. Kí ó tó dé ìdí ìkòkò omi mi, mo ti gbé agolo síwájú rẹ̀ pé kí ó bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ó kà á, ó ní ẹ̀wà ni, omi ni, iyọ̀ ni, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Sàfúrátù tú ewé rẹ̀, ó jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, ó ní kò dùn tó bí òun ṣe ń yọ ara òun lẹ́nu nítorí rẹ̀ láti àná. Wolé-wolé ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń já a, pé àti èèpo àti ọmọ inú rẹ̀ ni òyìnbó ń jẹ pọ̀, pé kì í ṣe ìyà rárá. Ara mi wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ fítámì, ó dára fún ojú, ó dára fún awọ ara, ó ń jẹ́ kí ènìyàn lè yàgbẹ́ dáadáa. Mo ní kí ó fi fítámì náà hàn mí. Ó ní kò ṣeé fojú rí. Mo ní báwo ni òun ṣe wá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní àwọn oníṣègùn ló wádìí rẹ̀. Mo ní ó dáa, bí wọ́n ṣe dé e mọ́nú irin tí afẹ́fẹ́ kò wọlé yìí, ṣé kò ti ní kú. Mo rò pé mo ti fi ìyẹn pa á lẹ́nu mọ́ ni, àfi bó ṣe ní mo sọ òótọ́, pé iná tí wọ́n fi sè é máa ń pa díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù ṣì pọ̀. Àánú àwọn tó kú náà wá ń ṣe mí.

Ó tún ní irin wà nínú rẹ̀, pé irin yìí ló ń di ẹ̀jẹ̀ lára. Mo ní mo mọ̀, mo ti rí irin náà, òun ni mo fi àdá lù. Ó ní kì í ṣe agolo ni òun ń wí, pé inú ẹ̀wà gan-an ni irin ọ̀hún wà. N kò bá a jiyàn nítorí àlejò ni, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo fọ agolo náà mọ́ tónítóní, mo jù ú sínú ọbẹ̀ lórí iná kí irin tó kù lára rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ọbẹ̀ náà ń dún gbàgà-gbàgà títí ó fi jinná, Sàfúrátù sì yọjú lójúlé rẹ̀ pé ṣé mo ti di alágbẹ̀dẹ ni.

Kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wolé-wolé ní kí n máa da omi inú agolo nù, kí n fi omi tútù ṣan ẹ̀wà náà kí n tó jẹ ẹ́, nítorí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ fún àgbà. Mo ti mu ti àkọ́kọ́, n kò sọ fún un. Ó ní kì í ṣe oúnjẹ tó ń yó ènìyàn, kí n má fi rọ́pò iyán àti láfún, ẹ̀gbẹ́ wọn ni kí n máa fi sí. Nígbà tó gbọ́ pé ojúlé mẹ́tàlá ni mo pín in sí, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ mi ni mo pín ká agbo ilé. Mo ní èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan jẹ lọ́dọ̀ tiwọn ní Abẹ́òkúta.

Agolo kejì ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ, jọ̀wọ́ má ṣe kà á sétí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ. Mo gbìn ín. Ọ̀rọ̀ tí o kọ pé ó ti mọ́ ọ lára ló ń yí mi lọ́kàn. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ, tí o padà sí Èkó lọ́sẹ̀ náà, o kò tíì tẹ ilẹ̀ Wásinmi. Kérésìmesì àkọ́kọ́, o ní ọ̀gá yín kò fún yín láyè. Àjíǹde, o ní ẹrù dé láti ìlú òyìnbó. Kérésìmesì èkejì, o kò sọ ohunkóhun, o fi bùrẹ́dì àti súgà ránṣẹ́. Mo rò ó títí, mo ní àbí oúnjẹ ilé ni kò bá ọmọ yìí lára mu mọ́, tí ojú sì ń tì í láti sọ fún mi. Mo ní bí ẹ̀wà aláwọ̀ ewé yìí bá wà lẹ́yìnkùlé mi, tí mo bá kọ̀wé sí i pé ó wà níbí, pé ó ń so, kí ló tún kù tí yóò dá a dúró.

Mo bá ṣan án bí wolé-wolé ṣe wí, mo tú èèpo rẹ̀, mo ṣa àwọn ọmọ inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ebè kékeré mẹ́rin sẹ́yìn balùwẹ̀ níbi tí omi kì í ti í wọ́n, mo gbìn wọ́n ní méjì-méjì, mo ṣọgbà yí wọn ká nítorí ewúrẹ́ rẹ tó ti mọ adùn rẹ̀. Láàárọ̀ n ó bomi rin ín, nírọ̀lẹ́ n ó lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀wà tiwa kì í ju ọjọ́ márùn-ún lọ kí ó tó yọrí. Ọjọ́ márùn-ún pé, mo ní ti òyìnbó ni, ọ̀nà jíjìn ló ti wá, ó ń sinmi. Ọjọ́ kẹjọ, mo ní òtútù inú agolo ni kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá, mo gbàdúrà lé e lórí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, wolé-wolé bá mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí tí mò ń fi ìka tú ilẹ̀ wò, ó ní kí ni mò ń wá. Mo ní ẹ̀wà Olúṣẹ̀yẹ ni. Nígbà tí ó yé e, kò rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ṣòkòtò ìjọba tó wọ̀, ó ní Màmá, wọ́n ti sè é ná kí wọ́n tó dé e mọ́ agolo, kò lè hù.

Olúṣẹ̀yẹ, ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń gbin ẹ̀wà. Kò sí ẹni tó yẹ kí ó sọ fún mi pé ohun sísè kì í hù. Ọwọ́ mi ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ṣà á, ó ń fọ́ lábẹ́ ìka mi. Mo kàn fẹ́ kí ó hù ni.

Agolo kẹta ni mo dá jẹ bí o ṣe ní kí n jẹ ẹ́, àfi pé n kò pín in sí ọjọ́ méjì. Ibí yìí ni òótọ́ tí mo ní n ó sọ wà. N kò mọ oúnjẹ ẹnu kan sè. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé bàbá rẹ, ìkòkò ńlá yẹn ni mò ń lò, ti ẹni mẹ́ta, ti ẹni mẹ́rin, àti ti àlejò tó lè yà. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí ìwọ náà lọ, ọwọ́ mi kò gbà láti dín in kù. N ó dáná, n ó ro láfún, n ó bu tèmi, n ó wo èyí tó kù nínú ìkòkò bó ṣe pọ̀ tó, tèmi náà kò sì ní gba ọ̀fun mọ́. N ó dé e. Bílẹ̀ bá mọ́, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, n kò dáná mọ́, àfi ọbẹ̀ agolo ọjọ́ yẹn. Mò ń rẹ gàrí mu láàárọ̀, bí mo bá rántí, n ó tún mu ú nírọ̀lẹ́. Bí mo ṣe di ẹni tí òòyì ń kọ́ lójú ọ̀nà téṣàn nìyẹn. Má sì bi mí pé kí ni mò ń wá lọ sí téṣàn. N kò ní ẹrù tí mo fẹ́ gbà. Bí ọkọ̀ Èkó bá dé, mo máa ń lọ wo àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀.

Agolo yẹn wá ṣe déédéé fún ẹnu kan. Kò pọ̀, kò kéré, kò sí èyí tí n ó dé. Mo jókòó tì í, mo ń ronú sí àwọn òyìnbó tó ṣe é. Mo ní a jẹ́ pé àwọn tó ń dá jẹun pọ̀ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, tó fi di pé wọ́n ń bá wọn díwọ̀n oúnjẹ sínú irin. Àánú wọn ṣe mí gan-an, mo gbàdúrà fún wọn kí n tó bu ṣíbí kìíní, bí n kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Obìnrin òyìnbó kan wà nínú àwòrán tó wà lára agolo náà, ó gbé abọ́ dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo yọ́ ìwé náà kúrò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀kánkán ibi tí mò ń jókòó sí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Mo kí i kú oko, mo bi í pé ọmọ mélòó ló ní, mo ní bóyá òun náà ní ọ̀kan tó wà ní ìlú ńlá. Ẹ̀wà náà kò burú lẹ́nu, ó dà bí ilá tí kò yọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ ṣíbí, ilé sì tún dákẹ́.

Agolo kẹrin ni n kò ní gbàgbé. Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó kọjá, Sàfúrátù wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó gbé láfún àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dání, ó ní òun ti ń ṣọ́ ilé ìdáná mi, èéfín kì í jáde níbẹ̀ mọ́, pé bí ó bá jẹ́ ààwẹ̀ àwa onígbàgbọ́ ni mò ń gbà, ṣé ààwẹ̀ tiwa kò ní ìṣínu ni. Mo ní kí ó mú ẹnu rẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ mi. Ó jókòó. Ó jókòó síbi tí òrùlé ti ń jò, níbi tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí, n kò sì lé e dìde. Ó ní láti ìgbà tí Bùsírátù ọmọ òun ti lọ sílé ọkọ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, òun náà kò rí ẹni tí òun ń bá du ẹja inú ọbẹ̀ mọ́. Mo ṣí agolo kẹrin, mo da omi rẹ̀ nù, mo ṣan án, mo dà á sínú ẹ̀gúsí rẹ̀, a sì jọ ki ọwọ́ bọ abọ́ kan. Ó ń bú mi, mò ń bú u. Ó ní mò ń ṣa ẹja jẹ, mo ní òun ni kò jẹ́ kí ẹja ó sinmi. Ó ní n kò mọ ọbẹ̀ sè láti ìgbà tí òun ti mọ̀ mí, mo ní kí ló dé tó fi ń lá a ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. N kò mọ ìgbà tí láfún tán. Nígbà tí mo dìde láti bomi fún un, òòyì kò kọ́ mi.

Ní Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí a wà yìí, wolé-wolé tún fa ìpéǹpéjú mi wò, ó ní ó ti ń pọ́n díẹ̀. Mo sọ fún un pé fítámì inú agolo kẹrin pọ̀ ju ti agolo kẹta lọ fíìfíì, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ kí àwọn oníṣègùn lè gbọ́. Ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, pé ọwọ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ohun tó wà nínú èyí ló wà nínú ìyẹn. Mo ní èmi ni mo jẹ méjèèjì, kì í ṣe òun. Mo ní ìkẹta, mo dá a jẹ, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìkẹrin, àwa méjì la jọ jẹ ẹ́, ìdajì péré ló kàn mí, ẹ̀jẹ̀ sì sáré dé orí ìka mi. Ó ní bóyá láfún ni. Mo ní láfún wà nílé mi tẹ́lẹ̀. Ó mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì gbàgbé láti yọjú sínú ìkòkò omi. N kò mọ̀ bóyá ó kọ ọ́. Ìwọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, bí o bá rí àwọn tó ń kó agolo náà wá, bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ iyọ̀ sí, pé kí ẹni méjì máa jẹ ẹ́ pọ̀.

Abọ́ tí ènìyàn fi gbé nǹkan wá fún wa, a kì í dá a padà lófìfo, bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, èmi náà kò ní yí i padà lọ́jọ́ ogbó mi. Mo ti fọ agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti fi òkúta lu etí wọn kí ó má baà gé ọ lọ́wọ́, mo fi ewé dé wọn, mo fi okùn dì wọ́n, gáàdì yóò gbé wọn fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ̀gúsí wà nínú ọ̀kan, agolo tí mo sè mọ́ ọbẹ̀ ni, irin rẹ̀ ti tán, má bẹ̀rù. Ata gígún wà nínú èkejì. Ẹ̀pà tí mo sun fúnra mi wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹ̀wà tiwa ló wà nínú ẹ̀kẹrin, gbígbẹ, èyí tí a jẹ́ kí ó gbó kí a tó já a, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sè. Bí o bá gbìn ín sẹ́yìn ilé tí o ń gbé, yóò hù. Ṣùgbọ́n má tún fi nǹkan kan sínú agolo wọ̀nyẹn ránṣẹ́ padà sí mi. Bí a bá ń ṣe é báyìí, èmi kò ní dá a padà lófìfo, ìwọ náà kò ní dá a padà lófìfo, agolo ni yóò máa rin ìrìn àjò tó yẹ kí ìwọ rìn.

Agolo karùn-ún wà lórí tábìlì bàbá rẹ. N kò ṣí i, n kò sì ní dá a ṣí. Sàfúrátù ti gbójú lé e, mo ti sọ fún un pé kì í ṣe tirẹ̀. Wolé-wolé ní bí kò bá ti jó, bí kò bá ti wú, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ó má bàjẹ́. Mo bá a yọ̀. Èmi kò sí nínú agolo, Olúṣẹ̀yẹ.

Mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ lẹ́tà lo ti ń wò láti àárọ̀ kí o lè rí iye owó tí mo fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìyá ti máa ń bèèrè owó. Lóòótọ́ ni, mo fẹ́ owó. Ṣùgbọ́n má fi í sínú lẹ́tà, má sì fi rán gáàdì. Mú un lọ́wọ́ ara rẹ lọ bá akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní téṣàn Ìdó, sọ fún un pé Wásinmi ni ò ń lọ, ìwọ nìkan, fún Àjíǹde. Iye tó bá pè, iye tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní oúnjẹ, yóò sì fún ọ ní ẹni tí ẹ ó jọ jẹ ẹ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo kò ní máa wọ inú abọ́ rẹ. O kò ní sè kí o dé e. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá dàgbà, àwọn ọmọ rẹ yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu nínú ilé, ariwo wọn kò ní jẹ́ kí o gbọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Harriet Ṣówándé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ọkọ̀ Sátidé tí Àjíǹde máa ń ku ọ̀la máa ń dé Wásinmi kí oòrùn tó wọ̀. Èmi yóò wà ní téṣàn, bí mo ṣe máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ìkòkò ńlá ni n ó gbé kaná.